Wọ́n Ń Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe ní Melbourne. Àwọn oníbàárà mi kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńláńlá: àwọn tó nílé oúnjẹ ni, àwọn mẹkáníìkì, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Èmi kì í ṣe lọ́yà, n kì í sì í ṣe ájẹ́ńtì físà. Òfin ilẹ̀ Ọsirélíà ò fàyè gba ẹni tí kì í bá ṣe lọ́yà tàbí ájẹ́ńtì tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba láti máa gba èèyàn nímọ̀ràn lórí físà, nítorí náà ẹ má ka èyí sí ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n tí ìjọba bá ti sọ fún ọ̀gá kan pé àwọn ò gba ẹni tó fà kalẹ̀ fún físà, tí ọ̀gá náà sì fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí. Ẹjọ́ físà ni lórúkọ, àmọ́ ìwé owó ni wọ́n fi ń jà á.

Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan nípa irú ẹjọ́ yìí, torí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa níbí ni kò mọ bó ṣe rí, títí kan àwọn tó ti gba PR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ibí títí láé. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ìjọba ò gba nomination lágbájá, ìyẹn ìwé tí ọ̀gá fi fà á kalẹ̀, ohun tó ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé lágbájá ti ṣe nǹkan. Bóyá ó parọ́ lórí ìwé-ẹ̀rí. Bóyá gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò tó. Rárá o. Wọ́n lè má tíì ṣí ìwé lágbájá wò rárá.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Físà 186 ni ọ̀pọ̀ ń lé, torí PR ni tààràtà. Ẹni méjì ló ń kọ̀wé. Ọ̀gá á kọ tirẹ̀ pé òun ní iṣẹ́ báyìí báyìí nílẹ̀, pé lágbájá lòun fẹ́ fi sí i. Ìyẹn ni ìfàkalẹ̀. Òṣìṣẹ́ á wá kọ ti físà fúnra rẹ̀, á so ó mọ́ ti ọ̀gá. Fọ́ọ̀mù ọ̀gá, 540 dọ́là. Owó kan tún wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Skilling Australians Fund, tí ìjọba ní àwọn fẹ́ máa fi kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ níṣẹ́ ọwọ́. 3,000 dọ́là ni tí owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún kò bá tó mílíọ̀nù 10. Tó bá tó bẹ́ẹ̀, ó di 5,000. Ọ̀gá ni òfin ní kó san án, kò sì gbọdọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní sùúrù, a máa débẹ̀.

Ìwé méjèèjì so kọ́ra. Tí ti ọ̀gá bá ṣubú, ti òṣìṣẹ́ náà ṣubú nìyẹn, bó ti wù kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ tó.

Ohun tí wọ́n ń wò lára ọ̀gá wà ní abala 5.19 nínú Migration Regulations ti ọdún 1994. Ṣé òwò náà ń lọ lóòótọ́, àbí orúkọ lásán ni lórí bébà? Ṣé ó nílò ẹni tó fẹ́ gbà yìí? Ṣé apá rẹ̀ á ká a láti máa san owó oṣù ẹni náà fún ọdún méjì, ó kéré tán? Ṣé iye tó fẹ́ san ni ọmọ onílẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà? Ṣé ìjọba ò ní ohun burúkú kan nípa rẹ̀ lọ́wọ́, bí i pé ó ti rẹ́ owó òṣìṣẹ́ jẹ rí? Yàtọ̀ sí iye ọdún tí òṣìṣẹ́ ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sí ohun kan tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò béèrè bóyá ó ní ọmọ níléèwé. Wọn ò béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i tí wọ́n bá ní rárá.

Ìbéèrè bóyá ọ̀gá nílò ẹni náà ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn? Ọ̀gá á ní, "Tí kò bá wá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, màá ti ilẹ̀kùn ni." Òótọ́ ló ń sọ. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ka fáìlì rẹ̀ ò tẹ ẹsẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn rí. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni iye àga tó wà nínú ilé oúnjẹ náà, orúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àti BAS, ìyẹn ìwé tí àwọn oníṣòwò ń fi ránṣẹ́ sí àwọn agbowó-orí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iyèméjì: ilé oúnjẹ alága ogójì, kí ló fẹ́ fi olórí alásè, ìyẹn chef, ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ní kí n kọ ọ́. Ọmọ Òṣogbo ni, ó jù mí lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Iṣẹ́ oúnjẹ sísè ló wá kọ́ níbí, tòun tìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn. Nígbà tó parí, ilé oúnjẹ Ítálì kan gbà á lórí 482, ìyẹn físà iṣẹ́ onígbà díẹ̀, ó di olórí alásè níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta tí òfin ìgbà náà ń béèrè pé, ọ̀gá rẹ̀ sì fà á kalẹ̀ fún 186. Ọmọ Yorùbá tó ń se risotto fún àwọn ọmọ Ítálì: ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi àríyá, pé tí ìyá òun bá rí ìrẹsì tí òun ń rò pọ̀ bí ẹni ń ro àmàlà, wọ́n á gba igi lọ́wọ́ òun.

Ọ̀gá rẹ̀, bàbá arúgbó kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ítálì wá, kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé wa ká tó máa lọ, torí ìtàn físà tí a sábà ń gbọ́, ọ̀gá òṣìkà kan kì í wọ́n nínú rẹ̀. Kò sí òṣìkà nínú èyí.

Kòrónà ló kọ́kọ́ da nǹkan rú. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n sé Melbourne mọ́lé láàárín ọdún 2020 sí 2021, ọjọ́ 262 lápapọ̀. Oníbàárà ò lè jókòó jẹun. Oúnjẹ àgbélọ nìkan ni wọ́n ń tà. Ìjọba gbé owó ìrànwọ́ JobKeeper kalẹ̀ kí àwọn ọ̀gá lè máa rówó san fún òṣìṣẹ́, àmọ́ kò kan àwọn tó wà lórí físà onígbà díẹ̀ bí i ti ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2020, Scott Morrison tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn sọ fún irú wọn pé tí wọn ò bá lè gbọ́ bùkátà ara wọn, ilé wọn ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè padà sí. Ẹ̀gbọ́n ò lọ. Bàbá yẹn yá ilé-iṣẹ́ ara rẹ̀ lówó, ó ń fi owó ilé rẹ̀ san owó oṣù olórí alásè rẹ̀ kó má baà pàdánù rẹ̀.

Oore tó ṣe yẹn gan-an ló wá dà bí ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ka ìwé owó rẹ̀ lọ́dún 2022, àdánù ni wọ́n rí, wọ́n rí gbèsè tí ilé-iṣẹ́ jẹ ẹni tó ni ín, wọ́n sì ní àwọn ò rí i pé apá rẹ̀ á ká owó oṣù olórí alásè fún ọdún méjì. Wọ́n tún fi ìkejì kún un: pé ilé oúnjẹ yẹn kéré, pé iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe níbẹ̀, ti alásè lásán ni. Nínú ìwé ANZSCO tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ ní ipele ipele, nọ́ńbà olórí alásè ni 351311, ti alásè ni 351411. Olórí alásè ló ń ṣètò mẹ́nù, tó ń ṣírò iye tí oúnjẹ máa ná èèyàn, tó ń ra ọjà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó sì ń darí wọn. Alásè ń se oúnjẹ. Nígbà yẹn, orí àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì wà, ọ̀kan ní ọ̀nà sí PR, ìkejì ò fi bẹ́ẹ̀ ní. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán.

Wọ́n kọ ìfàkalẹ̀. Kò pẹ́ sí i, wọ́n kọ físà.

Ọjọ́ 21 ni wọ́n fún èèyàn nígbà yẹn láti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí Administrative Appeals Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń tún ìpinnu ìjọba gbé yẹ̀ wò. Ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ ọ̀gá, ọ̀tọ̀ ni ti òṣìṣẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ tó lé ní 3,000 dọ́là, bí wọ́n bá sì jàre, ìdajì ló ń padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí iye owó yẹn á mọ̀ pé ọ̀gá tí kò fẹ́ràn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò ní san án. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń parí kó tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀gá á ní ó dun òun o, àmọ́ òun ò lè náwó kún owó. Òṣìṣẹ́ ò sì lè pe ẹjọ́ ìfàkalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe òun ló kọ ìwé tí wọ́n kọ̀.

Bàbá yẹn san án. Lọ́yà rẹ̀ pè mí.

Iṣẹ́ tèmi dùn mọ́ mi, kí n má purọ́. Mo yọ owó JobKeeper kúrò nínú owó tó wọlé kí wọ́n lè rí ohun tí ilé oúnjẹ náà pa fúnra rẹ̀. Mo to BAS tẹ̀lé ara wọn láti ìgbà tí Melbourne ti ṣí, kí ẹni tó bá ń wò ó rí bí ó ṣe ń gòkè láti sáà kan dé òmíràn. Mo kó ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, torí ọ̀gá lè kọ owó oṣù tó wù ú sórí bébà, àmọ́ owó ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ. Mo wá ìwé ọjà: ta ló ń pe àwọn tó ń kó ẹran àti wàràkàṣì wá, orúkọ ta ni wọ́n kọ sórí rẹ̀? Orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù. Nípa gbèsè tí ilé-iṣẹ́ jẹ bàbá, ó kọ lẹ́tà pé òun ò ní béèrè rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Fún ẹni tó bá mọ ìwé owó kà, lẹ́tà olójú ewé kan yẹn yí gbogbo àwòrán padà.

Ohun kan tó dára nínú òfin yìí ni pé ìgbìmọ̀ náà kì í béèrè bóyá ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa. Ṣe ni wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ náà gbé kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo bí òwò ṣe rí lọ́jọ́ tí àwọn fẹ́ ṣèpinnu. Ẹni tí kòrónà gbé ṣubú lè ti dìde kó tó débẹ̀. Ohun tó sì burú nínú rẹ̀ náà nìyẹn, torí ẹni tó dúró ṣinṣin lọ́jọ́ tó pe ẹjọ́ lè ti ṣubú kí wọ́n tó pè é.

Wọn ò tètè pè wọ́n. Ìgbìmọ̀ yẹn ti wà láti àárín àwọn ọdún 1970, ẹjọ́ físà sì ti dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Mark Dreyfus tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba nígbà yẹn kéde pé àwọn máa pa á rẹ́; ó ní ìjọba tó ṣáájú ti yan èèyàn tó tó 85 síbẹ̀ nínú àwọn tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú Liberal tàbí tó sún mọ́ wọn. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2024, Administrative Review Tribunal gba ipò rẹ̀. Ọjọ́ 21 di 28. Gbogbo ẹjọ́ tó wà nílẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n náà wà níbẹ̀, wọ́n kó wọn kọjá sí ti tuntun.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, bridging visa, ìyẹn físà tí èèyàn fi ń dúró de ìpinnu, ni ẹ̀gbọ́n fi ń gbé. Ó lè ṣiṣẹ́, ó lè san owó orí. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ ń parí iléèwé girama, tí ó bá sì wọ yunifásítì kí PR tó dé, iye tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ń san ni yóò san, kò sí owó tí ìjọba máa yá a. Báńkì ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé rírà lẹ́nu rẹ̀. Kò sì lè kúrò lọ́dọ̀ bàbá yẹn. Kò sẹ́ni tó so ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá lọ ni ìfàkalẹ̀ kú, torí iṣẹ́ tí bàbá ń sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun fẹ́ fún un, òun fúnra rẹ̀ ti fi sílẹ̀ nìyẹn. Ó sọ fún mi pé ó lé lọ́dún kan tí ẹ̀yìn ti ń dun òun níbi tí òun ti ń dúró sídìí iná, òun ò sọ ọ́ níbi iṣẹ́, kí wọ́n má baà ní òun ò lè ṣe é mọ́. Bàbá ì bá má bínú o. Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ dán an wò ni.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ dé, ó pè mí.

"Àbúrò, aago mélòó ni kí n ti wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò pè yín. Ẹjọ́ ọ̀gá yín ni. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ jẹ́rìí, wọ́n á sọ."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹni tó se gbogbo oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ ka owó rẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Mi ò rí nǹkan fèsì. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, àmọ́ ohun tí òfin yìí ṣe gan-an nìyẹn. Orí ta ni wọ́n fẹ́ fá? Bí bàbá bá pàdánù, á wá alásè mìíràn, á máa bá òwò rẹ̀ lọ. Ẹni tó máa di ẹrù rẹ̀, tó máa yọ ọmọ kúrò níléèwé, kò ní orúkọ lórí ẹjọ́ náà ju pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú fáìlì.

Orí fídíò ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ń rò ó bí kóòtù inú fíìmù, tí lọ́yà méjì ń pariwo mọ́ra wọn, á yà á lẹ́nu. Ìjọba kì í rán lọ́yà wá sí irú ìgbẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ló jókòó, obìnrin ni, òun ló ń béèrè ọ̀rọ̀. Ta ló ń kọ mẹ́nù? Bàbá ní, "Chef ni." Ta ló máa ń pinnu iye tí wọ́n máa ta oúnjẹ tuntun? Ó ní àwọn jọ ń pinnu rẹ̀ ni, àmọ́ chef ló ń ṣírò. Ta ló gba ọmọ tó ń fọ abọ́ síṣẹ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní chef ni, òun ò tiẹ̀ mọ orúkọ bàbá ọmọ náà. Ọmọ ìgbìmọ̀ náà wá béèrè nípa lẹ́tà gbèsè yẹn, èmi ni mo dáhùn, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ìwé owó sáà tó kẹ́yìn ránṣẹ́ kún un. Nígbà tó parí, lọ́yà ní òun ò fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

N ó dúró díẹ̀ níbí kí n sọ ohun tí mo ní kí ẹ ní sùúrù fún. Tí mo bá ní òfin yìí ń ni èèyàn lára, ẹnì kan á sọ pé àwọn èèyàn wa náà ò mọ́. Òótọ́ ni. Àwọn kan wà tó ń ta iṣẹ́. Ọ̀gá á gba owó lábẹ́lẹ̀, á fa ẹni tí kò ní ṣiṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Tàbí kó máa san owó oṣù sínú báńkì lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kí òṣìṣẹ́ máa gbé ìdajì rẹ̀ wá fún un lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Láti oṣù kejìlá ọdún 2015 ni òfin ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gba owó lórí ìfàkalẹ̀ físà, ẹni tó bá sì san án tún lè pàdánù físà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà fi ń panu mọ́. Ìwé irú wọn ti dé ọ̀dọ̀ mi, owó tó wọlé tó jáde lọ́sẹ̀ kan náà, iye kan náà nígbà gbogbo. Mo dá a padà fún wọn. Nítorí náà mi ò bínú sí ẹni tó bá fojú ṣùnnùkùn wo ìwé ọ̀gá. Kí ó wò ó dáadáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó mọ̀ jù nípa bóyá iṣẹ́ náà wà tàbí kò sí, òun ni wọn ò pè. Tí wọ́n bá pe òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀, tí ọ̀gá ò sí níbẹ̀, tí wọ́n sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé òtítọ́ ò ní ṣe físà rẹ̀ ní jàǹbá, ojúlówó àti ayédèrú á yàtọ̀ síra kíákíá ju bí BAS ṣe lè fi í hàn lọ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n.

A ń to ìwé owó sáà tó kẹ́yìn yẹn lọ́wọ́ ni bàbá pè mí pé ẹni tó fẹ́ ra ilé oúnjẹ náà ti dé. Ó ti ń wá ẹni tó máa rà á tipẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ìwé ilé tí wọ́n fi yá ṣọ́ọ̀bù náà sì fẹ́ parí. Ohun tó rò, tí èmi náà ì bá rò tí kì í bá ṣe iṣẹ́ mi, ni pé ẹni tó bá ra ilé oúnjẹ á ra ẹjọ́ mọ́ ọn: kíṣìnì kan náà, mẹ́nù kan náà, alásè kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ ìwé ìfàkalẹ̀ ló ni ín. Tí òwò bá bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ABN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá ilé-iṣẹ́ mọ̀, yàtọ̀, ìfàkalẹ̀ ò lè bá àga àti tábìlì lọ. Bàbá ti tà á, kò ní iṣẹ́ tó fẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì sí ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ fọwọ́ sí. Lọ́yà kọ lẹ́tà, wọ́n fa ẹjọ́ náà jáde.

Ìgbà yẹn ni ìgbìmọ̀ wá kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀, lórí ẹjọ́ físà tirẹ̀. Wọ́n ní kò sí ìfàkalẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí fún un, kó sọ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, lẹ́tà tó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán. Kí ló fẹ́ sọ? Kódà ká ní ọ̀gá mẹ́wàá ń dúró dè é, ìwé físà 186 tó ti kọ ò ṣeé so mọ́ ìfàkalẹ̀ ẹlòmíràn. Èyí tó kọ orúkọ rẹ̀ sí nígbà tó ń kọ̀wé ni wọ́n máa wò títí ayé.

Ọ̀nà kan wà tí ájẹ́ńtì rẹ̀ ti ń tọ́ka sí tipẹ́. Ẹni tí wọ́n bá kọ físà rẹ̀ nígbà tó wà nínú ìlú, abala 48 nínú òfin Migration Act máa ń dí ọ̀pọ̀ físà mọ́ ọn àyàfi tó bá jáde. Àmọ́ láti ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni wọ́n ti yọ àwọn físà kan kúrò lábẹ́ ìdènà yẹn, 494 wà nínú wọn, ti àwọn ọ̀gá tó wà lẹ́yìn odi ìlú ńláńlá bí i Melbourne, Sydney àti Brisbane. Ájẹ́ńtì náà ti ní kí ẹ̀gbọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Trades Recognition Australia láti ìgbà tí wọ́n ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa ló ń sọ pé á jàre. Kò ní ju oṣù díẹ̀ lọ tó máa pé ọmọ ọdún 45, lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀kùn ti. Ó rí ilé oúnjẹ kan ní Bendigo, ó kó ẹrù rẹ̀.

Mo ń bínú sí òfin yìí, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti sàn díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wà lórí 482 tó kúrò níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 60 péré láti fi wá ọ̀gá mìíràn. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2024, ó di ọjọ́ 180 lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ kọjá 365 lápapọ̀. Láti ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, ọdún tí òṣìṣẹ́ ti fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá èyíkéyìí tí ìjọba fọwọ́ sí ti ń kà fún un sí ọ̀nà 186. Tẹ́lẹ̀, tó bá pààrọ̀ ọ̀gá, oókan ló tún ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyípadà méjèèjì yìí ṣe fún òṣìṣẹ́ ju ohun tí ìgbìmọ̀ kankan lè ṣe lọ, torí ó jẹ́ kó lè fi ọ̀gá sílẹ̀ láìpàdánù gbogbo rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ san fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà gòkè: 53,900 dọ́là lọ́dún ni wọ́n fi í sí láti 2013, ó wá fò sí 70,000 ní oṣù keje ọdún 2023. Àwọn oníbàárà mi kan kígbe. Èmi ò kígbe. Tí o bá ní o nílò ẹnì kan tó bẹ́ẹ̀ tí o fi fẹ́ kí ìjọba fún un ní PR, sanwó rẹ̀.

Èyí tó kù tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí òṣìṣẹ́ ní orúkọ lórí ẹjọ́ ìfàkalẹ̀, kó lè kó ìwé tirẹ̀ wá, kó lè sọ̀rọ̀. Tí òwò bá sì di ti ẹlòmíràn nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, kí ẹni tó rà á lè gba ìfàkalẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kó fi ìwé owó tirẹ̀ rọ́pò. Kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀ tí wọn ò ti ń ná tẹ́lẹ̀.

Físà 494 kì í ṣe PR. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n máa fi wà lórí rẹ̀ kó tó lè béèrè fún 191, tó jẹ́ PR, àwọn ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní Melbourne ò sì ní kà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti wọ yunifásítì, iye tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ń san ló ń san. Bàbá arúgbó yẹn ṣì máa ń pè é lọ́jọ́ Àìkú, ó ti lọ jẹun ní Bendigo, ó ní ọbẹ̀ tòmátò wọn ò tíì dáa tó.

Ọ̀gá tuntun náà ní kí n bá òun to ìwé ìfàkalẹ̀. BAS ọdún kan ló fi ránṣẹ́, mo ní kó fi ti ọdún tó ṣáájú kún un. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n pè mí pé òun fẹ́ ẹ̀dà gbogbo ohun tó bá ti ọwọ́ mi jáde, gbogbo rẹ̀ pátá, kódà èyí tí kò bá yé òun. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá bóyá ó gbà, torí ìwé owó rẹ̀ ni. Ó ní kò burú.